Mo Dọ̀bálẹ̀ fún Àǹjọ̀nnú

Ìyàwó mi, dìde, jẹ́ n tètè sọ àlá yìí! Mo ti di pidánpidán. Mo fi ẹfun fa ìlà yí ara mi ká kí àǹjọ̀nnú má baà lè fọwọ́ kàn mí, mo wá pè é. Ẹnu búta ló gbà jáde, ó ga ju igi àgbọn lọ, ó wọ yunifọ́ọ̀mù ilé-ìwé, irùngbọ̀n funfun ń wọ́ tẹ̀lé e nílẹ̀.

Ó ní, "Ọ̀gá mi kékeré, ẹgbẹ̀ẹ́dógún ọdún ni mo ti ń sin irú yín. Abọ́ wo lẹ fẹ́ kí n bá yín fọ̀?"

Ẹgbẹ̀ẹ́dógún ọdún kẹ̀! Ni mo bá dọ̀bálẹ̀ gbalaja: "Ẹ káàárọ̀, bàbá!" Àṣé orí mi ti kọjá ìlà ẹfun.

Ó rẹ́rìn-ín. "Wọ́n mà kọ́ ọ dáadáa nílé o." Ó lanu wàà, mo bá jí. Ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ni mo bá ara mi, mo ṣì dọ̀bálẹ̀.