Ọgbà Tí Ó Ń Pa Amúṣinṣin

Ọjọ́ tí Mfeddal, ọ̀rẹ́ àbúrò mi Baldomero, pè mí lórí fóònù láti Tánjà, ní òdìkejì omi, mo ń ṣa ẹ̀wà lọ́wọ́.

"Ẹ̀gbọ́n Casilda, ẹ jókòó. Baldomero ti kú."

Ẹ̀ẹ̀mejì ni àbúrò mi yìí ti díbọ́n kú rí, kí ó má baà lọ sí Máàsì ní ṣọ́ọ̀ṣì. Mo ní, "Ẹ gbé eṣinṣin lé e nímú wò."

"A ti ṣe bẹ́ẹ̀," ó ní, ó sì bú sẹ́kún.

Ìgbà yẹn ni mo tó jókòó.

Nítorí ewéko kan ni Baldomero ṣe kọjá omi lọ bá Mfeddal. Amúṣinṣin ni, ewé tó ń lẹ̀ mọ́ni lọ́wọ́ bí oyin, tí ìyá wa máa ń so kọ́ àjà kí eṣinṣin lè kú sí i lára. Ó wà lórí òkè tiwa, ó wà lọ́dọ̀ àwọn Mfeddal, ó wà díẹ̀ ní Potogí, ó tán. Omi tóóró tó wà láàárín wa ló pín wọn níyà; òun kan náà ló ń fi ìkùukùu rẹ̀ bomi rin wọ́n lẹ́ẹ̀rùn.

Lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn, Quintanilla, ọ̀dọ́mọkùnrin oníbàtà gíga tó ń ṣọ́ igbó fún ìjọba, fi wáyà yí òkè wa ká láti dáàbò bo ewé náà. Ewúrẹ́ kò gbọdọ̀ wọlé. Àwa tí à ń wú gbòǹgbò bérésò, igbó kúkúrú orí òkè náà, láti fi sun èédú, a kò gbọdọ̀ wọlé. Ni bérésò bá bo ilẹ̀ pátápátá. Amúṣinṣin, tó fẹ́ràn ilẹ̀ tí a tú, wá ń kú lábẹ́ ààbò.

"Ìbàjẹ́ tí ewúrẹ́ àti ọkọ́ yín ti ṣe látijọ́ ló ń pa á," Quintanilla sọ.

"Ìwọ gan-an ni ìbàjẹ́," Baldomero fèsì. Ó wọkọ̀, ó lọ ka iye amúṣinṣin tó wà ní òdìkejì omi, níbi tí ewúrẹ́ ti ń jẹ̀ káàkiri.

Lórí fóònù, Mfeddal ní, "Ó ka irinwó lé méjìlá. Ó jókòó, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, 'Ẹ sọ fún oníbàtà gíga yẹn pé...' Ibẹ̀ ló dákẹ́ sí."

Mo mọ àbúrò mi. Èébú ló kù.

Ọkọ̀ ojú omi gbé e padà wá, ìgbà àkọ́kọ́ tí yóò kọjá láì bì. Fadá wàásù nípa olùfọkànsìn kan tí kì í pa Máàsì jẹ. Mo yọjú wo pósí bóyá ẹlòmíràn ni wọ́n gbé wá.

Quintanilla wá kí mi. Mo bu kọfí fún un, mo sọ iye tí Baldomero kà.

"Mélòó ló kù níhìn-ín, ọmọ mi?"

"Méje, Màmá."

"Ṣé irinwó ju méje lọ níléèwé yín?"

"Òfin ni, Màmá. Mo ti kọ̀wé sáwọn ọ̀gá mi, wọn ò tíì fèsì."

"Tí wọ́n bá fèsì, kí wọ́n wá sin amúṣinṣin náà. Fadá á wàásù pé òun náà kì í pa Máàsì jẹ."

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu rẹ̀, ojú sì tì í. "Mo mọ̀ pé ẹ fẹ́ wọlé, Màmá, ṣùgbọ́n wáyà yẹn ga fún yín."

"Ó ga. Kọ́kọ́rọ́ ńkọ́?"

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ó ṣí géètì, ó kẹ̀yìn sí mi.

"Mi ò rí nǹkan kan o. Òkun ni mò ń wò."

"Wò ó dáadáa. Ìhà ọ̀hún làwọn ọlọ́gbọ́n wà."

Ọkọ́ Baldomero wúwo ju bí mo ṣe rò lọ. Mo wú bérésò kan, mo gbọn erùpẹ̀ ara rẹ̀ sílẹ̀, mo sì kọjú sí èyí tó kàn.