Ẹ Kọ̀yìn Sọ́nà

Àdìjátù ti kúnlẹ̀ tán kó tó rántí pé eré ìje lòun ń sá. Òun ló wà níwájú gbogbo àwọn obìnrin yòókù, ìlú Òfìkì sì ti yọ lọ́ọ̀ọ́kán. Ìyá ọkọ rẹ̀ ló ṣàdédé já sí títì láti ọ̀nà oko, agbọ̀n gbágùúdá lórí. Kí Àdìjátù tó ronú, orúnkún rẹ̀ ti kanlẹ̀.

"Ẹ kú oko o, Ìyá."

"O kú ìrìn, ìyàwó." Ìyá Ládòkun sọ agbọ̀n kalẹ̀, ó wò ó tìyanu-tìyanu. Òógùn ń ro tótó lára ìyàwó rẹ̀ bí aṣọ tí wọn ò fún. "Ẹnìkan kì í dédé sáré nínú ẹ̀gún, bí kò bá lé nǹkan, nǹkan ní ń lé e. Èwo ni tìrẹ?"

"Kò sí nǹkan tó ń lé mi, mà. Mo kàn fẹ́ mọ̀ bóyá ẹsẹ̀ mi ṣì wà bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ ni."

Òtítọ́ ló sọ. Nígbà tó wà nílé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́, kò sẹ́ni tó lè sáré bá a. Látìgbà tó ti wọlé ọkọ, omi pípọn àti igi ṣíṣẹ́ nìkan lẹsẹ̀ rẹ̀ mọ̀. Ẹni tó bá ṣe ipò kìíní lónìí ni yóò lọ sáré ní Ìbàdàn. Ládòkun ọkọ rẹ̀ ti ní kó lọ, àmọ́ ìyá rẹ̀ ò tíì sọ bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́, kò sì sí ìyàwó tó ń rìnrìn àjò nílé wọn láìjẹ́ pé ìyá náà fọwọ́ sí i.

Ó ní kóun dìde, pajápajá gbá a mú lẹ́sẹ̀. Òjò àná ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbẹ, ooru ń rú jáde láti inú ilẹ̀, afẹ́fẹ́ ò sí rárá. Ara tó ti gbóná bẹ́ẹ̀ kò fẹ́ ìdúró òjijì. Àdìjátù figbe ta. Ìyá Ládòkun nawọ́ láti gbé e.

"Ẹ má fọwọ́ kàn án o, Ìyá!" Tíṣà Adékúnlé, tó ń fi alùpùpù tẹ̀ lé àwọn eléré, ló pariwo bẹ́ẹ̀. "Bẹ́ ẹ bá ti fọwọ́ kàn án, wọ́n á yọ ọ́ nínú eré."

"Kí n má fọwọ́ kan ìyàwó tí mo fẹ́ fọ́mọ mi?" Ìyá fawọ́ sẹ́yìn, ó rò ó. "Ẹnu ńkọ́? Ṣé òfin yín de ẹnu?"

Adékúnlé rẹ́rìn-ín. "Kò dè é, mà."

"Àdìjátù, na ẹsẹ̀ yẹn gbọọrọ. Fa ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ sọ́dọ̀ ara rẹ. Rọra."

Ibi tó ti ń fà á ni Mojọlá, ọmọ Ìwéré-Ilé, ti gba ẹ̀gbẹ́ wọn kọjá, kò tilẹ̀ wẹ̀yìn. Nígbà tó yá, pajápajá náà tú. Àdìjátù dìde, àmọ́ kò gbẹ́sẹ̀. Ilé ọkọ rẹ̀ ló wà lẹ́bàá títì níwájú, gbogbo ìyálé ilé ti tò síta láti wòran. Bó bá kúnlẹ̀ fún wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, Mojọlá á ti wẹ̀, á ti jẹun. Bó bá sì kọjá bẹ́ẹ̀, títí ayé ni wọ́n á máa pè é ní aláìlẹ́kọ̀ọ́. Ọ̀rọ̀ náà dùn ún débi pé omijé bọ́ lójú rẹ̀.

Ìyá Ládòkun wo iwájú, ó wo ìyàwó rẹ̀. Ó fi ọwọ́ méjèèjì ká ẹnu.

"Ẹ̀yin ará ilé o! Ẹ kọ̀yìn sọ́nà! Ẹ má jẹ́ kó rójú yín!"

Ta ní í kúnlẹ̀ fún ẹ̀yìn? Wọ́n yí padà, wọ́n ń kùn, nítorí wọ́n ṣì fẹ́ wòran. Àdìjátù ki eré mọ́lẹ̀. Ìyá Ràmọ́nì, ọ̀kan nínú àwọn ìyálé, tí òfófó ò jẹ́ kó gbádùn, gba abẹ́ apá yọjú. Àdìjátù sáré gbójú kúrò, ẹ̀rín ń pa á. Ẹnu ọ̀nà pápá ilé ẹ̀kọ́, níbi tí eré ti máa parí, ló ti bá Mojọlá, ó sì fi í sílẹ̀ níbẹ̀.

Nírọ̀lẹ́, ó padà sílé, ó kúnlẹ̀ fún àwọn ìyálé lọ́kọ̀ọ̀kan, kò fo ẹnì kan. Nígbà tó kan ìyá ọkọ rẹ̀, ìyá náà dá a dúró.

"Má kúnlẹ̀. Mo ti gba tèmi lójú ọ̀nà." Ó sún mọ́ ọn, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Ìbàdàn yẹn, ọjọ́ wo là ń lọ?"