Páálí Ara Ilẹ̀kùn Netta

Ní ilé alájà tí à ń gbé ní Glasgow, ìdílé méjì ló wà ní àjà kọ̀ọ̀kan. Ọ̀sẹ̀ yìí, ìwọ lo máa fọ àtẹ̀gùn. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, aládùúgbò rẹ. Páálí kékeré kan wà tí wọ́n kọ "Ó kàn ọ́" sí. Tó o bá fọ tìẹ tán, wàá lọ gbé e kọ́ ilẹ̀kùn ẹnì kejì. Ìtìjú ńlá ni kó pẹ́ lára ilẹ̀kùn ẹni.

Netta àti Ina, àwọn ẹgbẹ́ mi tí ilẹ̀kùn wọn dojú kọra ní àjà ìsàlẹ̀ mi, kì í kí ara wọn. Ina ló fà á. Ó ní Netta kì í fọ àtẹ̀gùn, ó kàn ń fún ìdọ̀tí lómi mu ni. Ẹnu Ina kò dáa rárá! Láti ìgbà náà, páálí yẹn nìkan ló ń lọ tó ń bọ̀ láàárín wọn.

Nígbà òtútù tó kọjá, orúnkún Netta daṣẹ́ sílẹ̀. Gordon ọmọ rẹ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń pariwo.

"Màámi, ẹ wo ìdọ̀tí! Tí mo bá tún bá a báyìí ní Sátidé, ilé àwọn arúgbó ni mò ń gbé yín lọ."

"Mi ò lọ síbì kankan. Màá fọ̀ ọ́."

"Orúnkún wo lẹ fẹ́ fi kúnlẹ̀?"

Inú bí mi sí ọmọ náà. Ina náà gbọ́ ọ, torí kò sóhun tí etí rẹ̀ kì í gbọ́.

Láàárọ̀ Sátidé, mo ń lọ ra búrẹ́dì, mo bá Ina lórí ìkúnlẹ̀ pẹ̀lú búrọ́ọ̀ṣì àti bọ́kẹ́ẹ̀tì. Páálí ṣì wà lára ilẹ̀kùn Netta. Bẹ́ẹ̀ ni Netta ṣílẹ̀kùn.

"Ina, kí lò ń ṣe? Èmi ló kàn!"

"Ṣé mo ní ìwọ kọ́ ni? Wọlé, òtútù ń mú ẹ."

"Mi ò bẹ̀ ẹ́ kó o ṣàánú mi."

"Ta ló ń ṣàánú ẹ? Ìdọ̀tí tó ò ń fún lómi mu ló ti yó, mo fẹ́ lé e lọ."

Netta rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú, omi sì ń bọ́ lójú rẹ̀. Ó wọlé lọ gbé omi tíì kaná.

Nígbà tí Gordon dé, àtẹ̀gùn ń dán. Ó bá àwọn méjèèjì tí wọ́n jókòó síbẹ̀, tí wọ́n ń mu tíì.

"Ta ló kàn lọ́sẹ̀ yìí?"

"Èmi ni," ni àwọn méjèèjì dáhùn pa pọ̀.

Ó wo ilẹ̀kùn ìyá rẹ̀, ó wo ti Ina, kò rí páálí kankan. Ina ti jókòó lé e.