Àwọn Ọba Inú Àpótí

3.

…nítorí náà kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn wọ́n, títí kan ìyàwó rẹ̀. Atúnaagoṣe ni ọkùnrin náà. Owó fàdákà olórí ọba, tí wọ́n ń ṣe jáde nígbà tí ọba bá gorí oyè, tàbí tí ọmọ ọba bá gbéyàwó, ló ń kó jọ sínú àpótí. Kò bá ọba kankan tan. Ìránṣẹ́ tí ọba ò rán níṣẹ́, ó ní irú òun nìyẹn.

4.

ÌKÌLỌ̀ (lára àpótí):
Ẹ MÁ ṢÍ I. Ẹ MÁ MÍ SÍ I.
(Ìyàwó kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀:) Kábíyèsí o.

5.

Ó mọ ọjọ́ ìgbéyàwó gbogbo ọmọ ọba. Tirẹ̀ ńkọ́? Ó ní ìgbà òjò ni.

6.

Àtẹ̀jíṣẹ́ akọ̀wé ẹgbẹ́ àwọn tó ń kó irú owó bẹ́ẹ̀ jọ:
Ẹ kú oríire, sà. Tiyín la máa pàtẹ láàárín gbọ̀ngán lọ́la. Ẹ má fọ̀ wọ́n o! Dúdú tó wà lára wọn yẹn ni iyì wọn. Èyí tí wọ́n bá ti fọ̀ ti bàjẹ́.

Ó kà á fún gbogbo oníbàárà. Ó kà á fún ẹni tó yà wá bèèrè ọ̀nà. Kò kà á fún ìyàwó rẹ̀.

7.

ÌYÀWÓ: Bàbá wọn, ẹ dijú.
ỌKỌ: Kí ló dé?
ÌYÀWÓ: Ẹ là á báyìí. Mo gbọ́ tí ẹ̀ ń fi àpàtẹ ọ̀la yangàn lórí fóònù. Ọṣẹ ìfọyín ni mo fi fọ̀ wọ́n. Ẹ wo ọba yìí, ó ti ń rẹ́rìn-ín!
ỌKỌ: …
ÌYÀWÓ: Ayọ̀ ò jẹ́ kí ẹ lè sọ̀rọ̀?
ỌKỌ: Ayọ̀ ni.

8.

Gbogbo wọn ń dán gbinrin. Imú ọba kan ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán.

(Ẹni tó ń sọ ìtàn yìí ò rẹ́rìn-ín. Irọ́ ni, ó rẹ́rìn-ín.)

9.

Ìbínú ru dé ọ̀nà ọ̀fun. Ìgbà náà ló rí ọwọ́ obìnrin náà, bí omi ṣe mú un hunjọ. Látàárọ̀ ló ti ń fọ̀ wọ́n. Ọkùnrin náà gbé ìbínú mì, bí ẹni gbé òògùn kíkorò mì.

10.

Èsì tó kọ sí akọ̀wé, tó sì pa rẹ́:
Ìjàǹbá ṣẹlẹ̀.
Ìyàwó mi ti
Gbogbo ọba ti wàjà.

11.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ìyàwó ti múra. Kò bá a lọ sí irú ibẹ̀ rí. “Èmi fúnra mi ni màá sọ fún wọn bí mo ṣe fọ̀ wọ́n.”

Akọ̀wé pàdé wọn lẹ́nu ọ̀nà gbọ̀ngán. “Ẹ ṣí i, sà, ká wò ó.”

12.

“Ẹ ní sùúrù,” ọkùnrin náà ní. “Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ fi ìyàwó mi hàn yín.”