Abẹ́ Ilé Ẹjọ́ Klein Rust

Ẹni tó bá rò pé ilé ẹjọ́ wa ní Klein Rust tóbi, kò tíì débẹ̀ rí. Yàrá kan ṣoṣo ni. Pákó ni wọ́n fi kọ́ ọ láyé àwọn òyìnbó amúnisìn, ó sì dúró lórí òpó gíga létí odò Pomeroon bíi gbogbo ilé tó kù lọ́dọ̀ wa, torí omi kì í kan ilẹ̀kùn kó tó wọlé. Ó ti pẹ́ tí ìjọba ti kó ẹjọ́ lọ sí ìlú ńlá. Síbẹ̀, nígbà tí ìgbìmọ̀ agbègbè ní àwọn fẹ́ wó o, káwọn fi gbọ̀ngàn oníkọnkéré rọ́pò rẹ̀, inú bí mi gan-an. Èmi Ismay Pollydore, táwọn ọmọ mi ń sọ pé ẹnu mi mú bí abẹ, ni mo kó àwọn obìnrin abúlé jọ tá a fi ránṣẹ́ sí àwọn tó ń tọ́jú ohun àjogúnbá ní Georgetown, olú ìlú wa. Wọ́n ní àwọn á rán ẹnì kan wá wò ó. Bó bá ní ilé náà níyì, ìgbìmọ̀ ò ní lè fọwọ́ kàn án mọ́. Bó bá ní kò níyì, ó parí nìyẹn.

Àlejò ń bọ̀, a ò sì fẹ́ kó rí ìdọ̀tí wa. Parbattie Doodnauth, aládùúgbò mi tá a jọ ti ń jà láti ìgbà ọmọge wa, lòun àtèmi jọ bọ́ sídìí iṣẹ́. A fọ òkè, a kùn ún ní ọ̀dà funfun báláú. Ó wá ku ìsàlẹ̀. Ká sòótọ́, abẹ́ ilé yẹn ò ṣeé fi han ọmọ ènìyàn: ilẹ̀ erùpẹ̀, eérú ààrò, òpó tí okùn ti jẹ lára, àti bẹ́ǹṣì ògbólógbòó kan. Bá a ṣe fi páànù tuntun yí i ká pátápátá nìyẹn, a kàn án ní ìṣó. Ó wá mọ́ tónítóní bí agolo bisikíìtì.

Míìsì Adonis, ọmọbìnrin tí wọ́n rán, wọ ọkọ̀ ojú omi dé láàárọ̀ Sátidé. Ọlọ́yàyà ni, kò gbéra ga. Ó jẹ ìrẹsì àti ẹ̀wà tá a fi omi àgbọn sè pọ̀, ó tún ní ká bù sí i, mo sì fẹ́ràn rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Lẹ́yìn náà ló gòkè lọ wo yàrá. Ó fẹsẹ̀ kan pákó ilẹ̀, ó ṣí fèrèsé, ó yọjú wo àjà. Bó ṣe ń wò ó ni ẹ̀rín ojú rẹ̀ ń tán lọ.

“Àǹtí Ismay,” ó ní, “mi ò ní purọ́ fún yín. Wọ́n ti pààrọ̀ pákó ilẹ̀ yìí. Tuntun ni fèrèsé, tuntun lòrùlé. Tábìlì adájọ́ ò sí mọ́. Irú ilé ẹjọ́ yìí sì wà káàkiri etí òkun tí nǹkan inú wọn ṣì pé. Kí ló wà níbí tí kò sí níbòmíràn?”

“Adájọ́ gidi ló jókòó níbí, mà!”

“Ibi gbogbo náà ni wọ́n jókòó sí, Àǹtí.”

Mo tún fẹ́ ka orúkọ àwọn adájọ́ náà fún un.

Ibẹ̀ ni Parbattie ti gba ọ̀rọ̀ mọ́ mi lẹ́nu. “Ṣé mi ò sọ fún ẹ? Mo ní kó o fi ọ̀dà yẹn sílẹ̀. Ó wá dà bíi pé àná la kọ́lé!”

“Ta ló lọ ra ọ̀dà?”

“Ìwọ lo rán mi!”

“Àgbàlagbà bíi tìẹ, wọ́n ń rán ẹ níṣẹ́, o sì ń lọ?”

“Páànù ńkọ́? Ta ló ní abẹ́ ilé ń ti òun lójú?”

“Èmi ni! Ta ló kan ìṣó?”

Ohùn wa ti lọ sókè. Àwọn ará abúlé tó dúró lórí àtẹ̀gùn bá pariwo pọ̀: “Ẹ sọ̀ kalẹ̀! Ẹ lọ sábẹ́!”

Ohun tá a máa ń sọ fún ẹni tó bá ń jà nìyẹn. Láyé àtijọ́, ojú omi ni adájọ́ ń gbà wá, odò ló sì ń pinnu ìgbà tó máa dé. Olùpẹ̀jọ́ àti olùjẹ́jọ́ á jọ wà lábẹ́ ilé, wọ́n á so ibùsùn aláwọ̀n mọ́ òpó, wọ́n á dáná, wọ́n á jẹun. Ẹni kẹta tí kì í ṣe ẹbí èyíkéyìí nínú wọn á máa bá wọn la ìjà náà. Lọ́pọ̀ ìgbà, kí adájọ́ tó fẹsẹ̀ kan èbúté, ẹjọ́ ti parí. Ilé ẹjọ́ lọ, àṣà ò lọ. Kò sí ìjà Klein Rust kan tá a parí níbòmíràn.

Ẹsẹ̀ wa ti mọ̀nà. Èmi àti Parbattie sọ̀ kalẹ̀, a ń bú ara wa lọ, àfi gbàgà! A ti forí gbá páànù tá a fọwọ́ ara wa kàn. Àwọn ènìyàn fẹ́rẹ̀ẹ́ kú sẹ́rìn-ín. Oswin àbúrò mi mú irin wá, ó fi ṣí páànù kan, àwa méjèèjì sì wọlé lọ jókòó.

Pákó gígùn kan ni bẹ́ǹṣì yẹn, ṣùgbọ́n àárín gbùngbùn ni ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì wà, wọ́n sún mọ́ra. Àwọn tó ń jà ló ń jókòó sí i, ẹnì kan ní ìkángun kan, ẹnì kejì ní ìkángun kejì. Bó o bá fi ìbínú dìde, ẹnì kejì rẹ á ṣubú, ìyẹn á sì di ẹjọ́ mìíràn sí ọ lọ́rùn. Àfi kẹ́ ẹ gbà láti jọ dìde.

Míìsì Adonis tẹ̀ lé wa wọlé. “Àǹtí, kí lẹ wá ń ṣe níbí?”

Èmi tí mo bọ̀wọ̀ fún ìjọba, mo dìde kí n lè dá a lóhùn. Gbì! Parbattie ti wà nílẹ̀, ẹsẹ̀ ẹ̀ wà lókè.

“Yé è! Ẹ gbà mí o! Ismay fẹ́ pa mí lójú ìjọba!”

Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Òun náà rẹ́rìn-ín níbi tó nà sí. Míìsì Adonis nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó ti kúnlẹ̀ sínú erùpẹ̀ pẹ̀lú ṣòkòtò ẹ̀ tó mọ́, ó ń fọwọ́ pa ìkángun bẹ́ǹṣì níbi tí ìdí àwọn baba wa ti jẹ ẹ́ wọnú. Ó dìde, ó ń fọwọ́ tọ àpá okùn lára àwọn òpó. Ó béèrè ẹni tó máa ń jókòó, ẹni tó máa ń là á, ohun tí wọ́n máa ń sè. Gbogbo abúlé ló ń dá a lóhùn lẹ́ẹ̀kan náà.

“Kí ló dé tẹ́ ẹ fi bo ibí yìí?” ó ní.

“Ó dọ̀tí, mà,” ni mo wí.

“Àwọn adájọ́ ló ni òkè, Àǹtí. Irú òkè yẹn pọ̀. Ẹ̀yin lẹ ni ìsàlẹ̀ yìí, mi ò sì rí irú ẹ̀ rí. Òun ni màá kọ.”

Ojú tì mí, inú mi sì dùn, méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà. Ó ní òun á kọ ọ́ pé ilé náà níyì, kí ẹnikẹ́ni má wó o. Ká tú gbogbo páànù, kí ilẹ̀ wà ní erùpẹ̀ bó ṣe wà. Ó tún ní ká má wulẹ̀ tì í pa káwọn àlejò máa wá wò ó, ká máa lò ó ni.

“Ẹ gbọ́,” ni Parbattie wí, “ṣé ìjọba ń pàṣẹ fún wa pé ká máa jà ni?”

“Ṣé ìyẹn le fún ẹ ni?” mo bi í.

Nígbà tí ọkọ̀ Míìsì Adonis lọ tán, táwọn èèyàn sì ti tú páànù, oníkálukú gba ilé rẹ̀ lọ. Èmi àti Parbattie padà jókòó, torí ẹjọ́ wa ò tíì parí. Afẹ́fẹ́ odò ń fẹ́ gba abẹ́ ilé kọjá.

“Gbà pé ìwọ lo jẹ̀bi ọ̀rọ̀ páànù,” ó ní.

“Mi ò gbà.”

Ó gbójú sókè wo pákó ilé náà. “Ká ní wọ́n wó o ni, Ismay, níbo là bá ti máa jà?”

Mo fọwọ́ pa ìkángun bẹ́ǹṣì.

“Ó dáa,” ó ní, “ṣé ká jọ dìde?”

“Jókòó jàre,” ni mo wí. Ó sì jókòó síbẹ̀.