Kọ̀ǹpútà Tí Kò Dúró ní Ogún

Ọ̀kadà ló gbé Bàbá Ajíbóyè ṣubú lójú ọ̀nà oko kòkó rẹ̀ ní Ọ̀rùn-Èkìtì, ọrùn ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ sì dá. Láti ọjọ́ náà, ilé Ọmọ́wùmí, ọmọ rẹ̀ obìnrin, ló wà ní Ìkẹ́rẹ́. Wọ́n di ẹsẹ̀ náà gbagidi, wọ́n ní kò gbọdọ̀ fi tẹlẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ọkùnrin tí oòrùn kì í bá nílé láti ìgbà èwe rẹ̀ wá di ẹni tó ń ka ìṣó ara àjà.

Ọmọ́wùmí ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò nílé ìwé girama kan láàárín ìlú. Dayọ̀ ọkọ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ olùkọ́ ní Adó, ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà ló ń kọ́ wọn. Ayọ̀mikún, ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí, wà ní bọ́ọ̀dìn. Bí tọkọtaya bá ti jáde láàárọ̀, ó ku Bàbá àti rédíò. Nígbà tí Ọmọ́wùmí rí i pé bàbá òun ti ń bá rédíò jiyàn, ó gbé kọ̀ǹpútà alágbèéká rẹ̀ lé orí àpótí níwájú rẹ̀.

"Bàbá mi, eré kan nìyí tí mo ṣe fún àwọn ọmọ kíláàsì mi. Dáìsì ni, bíi ti lúdò, àmọ́ ẹyọ kan. Ẹ tẹ ibi aláwọ̀ ewé, dáìsì á yí. Ẹ máa ro iye tó bá jáde pọ̀, ẹ lè jù ú títí tó bá wù yín. Ṣùgbọ́n bí ení bá fi lè jáde, gbogbo ohun tẹ́ ẹ kó jọ lẹ́ẹ̀kan yẹn dànù. Bẹ́ ẹ bá rí i pé ó tó, ẹ tẹ ibi pupa, tiyín ti wọ àpò, ó kan kọ̀ǹpútà. Ẹni tó bá kọ́kọ́ pé ọgọ́rùn-ún ló jẹ."

"Ta ló wà nínú rẹ̀ tí n óò bá ta á?"

"Kò sẹ́nì kankan, Bàbá. Mo ti kọ ọ́ sínú rẹ̀ pé tó bá ti kó ogún jọ, kó dúró. Kò mọ nǹkan mìíràn."

Bàbá wo ojú ọmọ rẹ̀, ó wo kọ̀ǹpútà. Báwo ni ohun tí kò sẹ́nì kankan nínú rẹ̀ ṣe máa mọ ìgbà tí ó yẹ kó dúró? Ó tẹ ibi aláwọ̀ ewé, kó má baà dà bí ará oko.

Lọ́jọ́ kìíní, kọ̀ǹpútà nà án bí ẹni na bàrà. Ọwọ́ rẹ̀ kì í fẹ́ kúrò níbi àwọ̀ ewé. Bí ó bá ti kó mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n jọ, ọkàn rẹ̀ á ní ó ku ẹyọ kan sí i, ení á sì yọjú. Kọ̀ǹpútà ní tirẹ̀, ogún, ó dúró. Mọ́kànlélógún, ó dúró. Bàbá wá tọrọ kàlẹ́ńdà ṣọ́ọ̀ṣì tọdún tó kọjá àti báírò, ó ń kọ gbogbo rẹ̀ sẹ́yìn kàlẹ́ńdà: iye tirẹ̀, iye kọ̀ǹpútà, ibi tí kọ̀ǹpútà dúró sí. Nígbà tó fi di ọjọ́ kẹrin, òun náà ti ń jẹ.

Lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀, ó di mẹ́rìndínláàádọ́rùn-ún, kọ̀ǹpútà wà ní méjìdínlọ́gọ́ta. Kọ̀ǹpútà bẹ̀rẹ̀ sí í ju dáìsì. Ó pé méjìlélógún. Bàbá ti na ọwọ́, ó ń dúró kó kan òun. Dáìsì tún yí. Mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n. Ó tún yí. Mẹ́tàlélọ́gbọ̀n, mẹ́tàdínlógójì, méjìlélógójì. Ọgọ́rùn-ún pé. Kọ̀ǹpútà jẹ.

"Urọ́ ni!" Bàbá pariwo nínú ilé tí kò sẹ́nikẹ́ni. Ó tún un ta. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, ó tún rí i lẹ́ẹ̀mejì. Ọ̀kan, ení jáde, kọ̀ǹpútà pàdánù. Èkejì, ó tún jẹ.

Nígbà tí Ọmọ́wùmí dé, kò tíì bọ́ bàtà tí Bàbá fi ní, "Ohun tó o sọ kọ́ lèyí ń ṣe o. Ó ń kọjá ogún."

"Kò lè kọjá ogún, Bàbá. Èmi ni mo kọ ọ́."

Ó jókòó, ó ta á fúnra rẹ̀ títí kọ̀ǹpútà fi dúró lẹ́ẹ̀mẹrin: ogún, méjìlélógún, ogún, mẹ́tàlélógún. "Ṣé ẹ rí i?" Ó pa á dé. Lẹ́yìn náà, ó rọra bi í léèrè pé oògùn ìrora wo ló lò lọ́sàn-án, ẹyọ mélòó.

Ìbéèrè yẹn dun Bàbá ju ẹsẹ̀ lọ. Ó ronú títí. Ṣé òun ṣì í kà ni? Ó ka ìka ọwọ́ rẹ̀, ó pé mẹ́wàá. Ó ka ìṣó ara àjà, ó pé iye tó ti máa ń jẹ́. Síbẹ̀, kò dá a lójú mọ́ pé ohun tí òun rí ni òun rí.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Sátidé, Ọmọ́wùmí ń bẹ iṣu nítòsí rẹ̀ nígbà tí ojú rẹ̀ bọ́ sórí kàlẹ́ńdà. Ó fi ọ̀bẹ sílẹ̀.

"Bàbá, àwọn ibi tẹ́ ẹ fa ìlà sí yìí, ṣé ibi tó ti kọjá ogún nìyí?"

"Èmi ò mọ̀ mọ́. Bóyá oògùn ló kọ ọ́."

"Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá. Mẹ́rìndínláàádọ́rùn-ún lẹ wà níbí. Mọ́kànlélọ́gọ́rin níbí. Àádọ́rùn-ún níbí." Ó nu ọwọ́ sí ìró, ó ṣí kọ̀ǹpútà, kì í ṣe ojú eré bí kò ṣe ibi tí ó kọ ìlànà rẹ̀ sí. Ó kà á lọ sísàlẹ̀, ó dúró, ó tún un kà. "Ìlà kan wà níbí tí n kò kọ."

Inú Bàbá dùn pé orí òun pé, ẹ̀rù sì bà á.

Dayọ̀ wọlé láti ẹ̀yìnkùlé níbi tó ti ń sá aṣọ. Ọmọ́wùmí kò jẹ́ kó jókòó. "Bàbá Ayọ̀mikún, ta ló fọwọ́ kan eré mi?"

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, ó rí ojú ìyàwó rẹ̀, ẹ̀rín sì gbẹ. "Èmi ni. Nígbà ìsinmi. Ó rọrùn jù, mo ní bí ẹni tó ń bá a ta bá ti kọjá ọgọ́rin, kó má dúró mọ́, kó sáà máa lọ. Mo fẹ́ sọ fún ẹ, ó kàn fò mí ni. Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú."

Ọmọ́wùmí ti jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. "Mo ti ní kí àwọn ọmọ ta á, kí wọ́n kọ ohun tí kọ̀ǹpútà ń ṣe. Mọ́kànlá nínú wọn kọ ọ́ pé kì í dúró ní ogún nígbà gbogbo. Mo fi báírò pupa fa gbogbo rẹ̀ já. Ìmọ́lẹ̀olúwa dìde ní kíláàsì, ó ní, 'Mà, mo rí i.' Mo ní kó yé purọ́. Ọmọ náà sunkún."

Bàbá yí sí ọkọ ọmọ rẹ̀.

"Dayọ̀, Adó lo wà lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá. Mo wà níbi iṣẹ́."

"O ò mọ̀ pé à ń ta eré?"

"N kò mọ̀, Bàbá."

"Ta ló wá ń bá mi ta á?"

Dayọ̀ jókòó tì í. Ó ṣàlàyé, ó fi ọwọ́ júwe, ó tún un ṣàlàyé. Bàbá ń mi orí. Ọ̀rọ̀ náà ń yé e lọ́kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n bí ó bá ti ní kí òun pa wọ́n pọ̀, wọn a tú ká.

Lọ́jọ́ Ajé, Ọmọ́wùmí kó ìwé mọ́kànlá náà lọ sílé ìwé. Nígbà tó padà dé, ó jókòó ti Bàbá láìbọ́ bàtà.

"Mo sọ fún gbogbo kíláàsì pé èmi ni mo ṣàṣìṣe, mo sì tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Ìmọ́lẹ̀olúwa. Kò wo ojú mi. Ó gba ìwé rẹ̀, ó lọ jókòó."

"Fún un láyè," ni Bàbá wí. "Ó mọ ohun tó rí, o sì ní kò rí i. Kì í tán lọ́jọ́ kan."

Ọmọ́wùmí gbé ìrọ̀rí tó wà lábẹ́ ẹsẹ̀ Bàbá sókè díẹ̀. "Bàbá mi, ṣé kí n yọ ìlà yẹn kúrò nínú eré, àbí kí n fi í sílẹ̀?"

Bàbá Ajíbóyè wo ẹ̀yìn kàlẹ́ńdà rẹ̀. Gbogbo ohun tí ọmọ yìí ti bi í léèrè láti kékeré, ó ti rí ohun kan wí sí i, ìbáà tọ̀nà, ìbáà má tọ̀nà.

"Ọmọ mi, èmi ò mọ̀," ló sọ.