Fúláàsìkì Bàbá Rocío

Fíríìjì ni mò ń tà ní Buenos Aires. Yìnyín tí mo mọ̀ kò ju èyí tí mò ń fi ọ̀bẹ ha nínú fíríìjì lọ. Síbẹ̀, mo ti fọ́nnu fún Rocío, àfẹ́sọ́nà mi, pé kò sí òkè yìnyín tí n kò lè gùn. Ẹnu àìmẹ́nu! Ó lọ sọ fún bàbá rẹ̀, Don Eleuterio, tó ti ń mú èèyàn gun òkè yìnyín lápá gúúsù kí wọ́n tó bí mi. Mo gbé!

Bí ooru oṣù kìíní ṣe mú, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kó sínú ọkọ̀ mi, a forí lé òkè yìnyín ní gúúsù. Bàbá ló di fúláàsìkì omi gbígbóná mú. Wọ́n á rọ omi sórí ewé mate, tíì ilẹ̀ wa, nínú igbá, wọ́n á fà á mu, wọ́n á rọ ti Rocío, wọ́n á tún rọ tiwọn. Èmi tí mò ń wakọ̀, wọ́n fò mí ru. Ẹni tí wọ́n bá fò ru nídìí mate, àlejò tí wọn ò fẹ́ ni. Ìyàwó mi wà nínú igbá yẹn, igbá ò sì dé ọ̀dọ̀ mi.

"Bàbá, ọ̀fun mi ti gbẹ o."

"Omi wà nínú ìgò lẹ́yìn rẹ."

Rocío bú sẹ́rìn-ín. Inú bí mi débi pé mo wa ọkọ̀ wọ kòtò.

Nígbà tí a de irin eléyín mọ́ bàtà lórí yìnyín, mo gbọ́n ọgbọ́n àgbọ́njù: mo bá Bàbá gbé fúláàsìkì, mo há a sí abíyá.

"Inú àpò ni kó wà. Ọwọ́ méjèèjì gbọ́dọ̀ ṣófo."

"Ẹ fọkàn balẹ̀, Bàbá. Abíyá la fi ń gbé e láti kékeré."

N kò tíì panu dé tí ẹsẹ̀ mi yọ̀. Yéè! Ìdí ni mo fi ń yọ̀ lọ sísàlẹ̀. Bàbá dọ̀bálẹ̀, wọ́n nawọ́ sí mi.

"Mú un wá! Kíá!"

Mo na fúláàsìkì sí wọn. Wọ́n gbà á. Èmi bá tèmi lọ, ó di gbàmù nínú omi yìnyín tó wà nísàlẹ̀.

Nígbà tí wọ́n fi okùn fà mí jáde, eyín mi ń gbá ara wọn. "Orí ẹ pé ṣá?" Rocío ń rẹ́rìn-ín. "Wọ́n nawọ́ sí ẹ, o gbé fúláàsìkì fún wọn!"

Bàbá ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n mi fúláàsìkì, wọ́n gbọ́ pé kò fọ́. Wọ́n rọ ti àkọ́kọ́, wọ́n mu ún. Wọ́n rọ èkejì, wọ́n nà án sí mi.

"Òmùgọ̀ ni ẹ́," ni wọ́n wí. "Gbà, àna mi."

Mo fà á mu tán, ó jó mi láhọ́n. Rocío ní ṣé mò ń sunkún ni. Mo ní omi ló gbóná jù. Irọ́ ni mo pa.